Bí A Ṣe Ń Fọ Kẹ̀kẹ́ Ológeere Kábọ́ọ̀nù Tí A Sì Ń Tọ́jú Rẹ̀ Láìṣe É Léṣe

Ariwo tí kábọ́ọ̀nù máa ń pa nígbà tí ó bá là kò ju ti èèpo ẹ̀pà tí a fi ìka méjì pa lọ. Mo gbọ́ ọ rí ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan tí mo ń dé bóòtù tí ó di òpó gàárì kẹ̀kẹ́ mi mú. Kẹ̀kẹ́ onírin ni mo fi kọ́ bí a ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ohun tí irin sì kọ́ mi ni pé bóòtù kò tíì le títí sípáná yóò fi kọ̀ láti yí mọ́. Mo tún un yí lẹ́ẹ̀kan sí i, ó dún "kọ́", mo sì rò pé sípáná ló yọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bí irun orí, tí ó ti ibi ìdè sọ̀ kalẹ̀ lára òpó náà. Èmi kọ́ ni mo wá a lọ. Mo ń nu ẹrẹ̀ kúrò lára kẹ̀kẹ́ ni, àkísà ọwọ́ mi sì há sí i lára.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka fífọ kẹ̀kẹ́ kábọ́ọ̀nù sí àyẹ̀wò. Irin tí ó bá fẹ́ bàjẹ́ á kọ́kọ́ tẹ̀, á dípẹtà, ẹni tí ó ń gun ún á sì ti rí àmì rẹ̀ tipẹ́. Kábọ́ọ̀nù lè gbé àìsàn sí ikùn fún ọ̀pọ̀ oṣù kí ó tó dá ni sílẹ̀ lójijì. Ìgbà tí ọwọ́ àti ojú yín bá fẹ́ dé gbogbo kọ́rọ́ ara rẹ̀ ni ìgbà tí ẹ bá ń fọ̀ ọ́, ìdí sì nìyí tí ẹ kò fi gbọdọ̀ gbé iṣẹ́ náà fún ọmọ ẹlòmíràn.

Ohun tí kábọ́ọ̀nù jẹ́

Ẹni tí ó bá ti jókòó ti àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú tí ń hun aṣọ lórí òfì yóò tètè lóye ọ̀rọ̀ yìí. Ìnípọn fọ́nrán kábọ́ọ̀nù kan kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá irun orí lọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ni wọ́n ń kó pọ̀ di òwú, tí wọ́n ń tò ní ìpele lórí ìpele, òmíràn ní òòró, òmíràn ní ìbú, òmíràn ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó fi gọ́ọ̀mù ẹ̀pọ́sì mú gbogbo rẹ̀ pọ̀, tí wọ́n á sì fi ooru sọ ọ́ di líle nínú àwòṣe. Agbára rẹ̀ wà ní ọ̀nà tí fọ́nrán náà nà sí. Nítorí náà ni férémù tí kò wúwo ju kílógíráàmù kan lọ fi lè gbé géńdé láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ẹ̀pẹ́ láìmira, ṣùgbọ́n tí òkúta kan tí ó fò lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí ìdè tí a fún jù, lè ya ìpele inú rẹ̀ nípá, kí ọ̀dà òde má sì ṣe ju kí ó họ díẹ̀ lọ.

Kábọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀ kì í dípẹtà. Alumíníọ̀mù tí ó fara kàn án ni ó ń jìyà: bí òógùn tàbí omi oníyọ̀ bá wà láàárín àwọn méjèèjì, iná mànàmáná kékeré á máa ṣàn láàárín wọn, alumíníọ̀mù á sì máa jẹ díẹ̀díẹ̀, á máa yọ ìyẹ̀fun funfun. Àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́ nínú oòrùn wa yìí mọ iye òógùn tí ń kán sórí ọ̀pá òkè àti ọrùn kẹ̀kẹ́. Omi lásán àti àkísà tútù, ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti gùn ún dé, ti tó láti dènà èyí.

Ohun èlò, àti èyí tí kò gbọdọ̀ kan kẹ̀kẹ́ yín

Ẹ wá bákẹ́ẹ̀tì méjì, ọ̀kan fún omi ọṣẹ, èkejì fún omi lásán tí ẹ ó máa fi ṣan kànrìnkànrìn kí ó tó padà sínú ọṣẹ. Bí ó bá jẹ́ bákẹ́ẹ̀tì kan ni, yanrìn tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ kúrò ni ẹ ó tún máa fi ha kẹ̀kẹ́ náà. Ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ dára, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú omi púpọ̀. N kò fẹ́ràn ọṣẹ oníyẹ̀fun, nítorí hóró rẹ̀ tí kò bá yòrò a máa ha ọ̀dà. Ẹ wá kànrìnkànrìn rírọ̀, búrọ́ọ̀ṣì kan fún ṣéènì àti gíà nìkan, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fún àwọn kọ́rọ́, àti síńgílẹ́ẹ̀tì òwú tí ó ti gbó. Ẹ ya àkísà ṣéènì sọ́tọ̀ kí ẹ má sì jẹ́ kí ó bá ti férémù pàdé láéláé.

Tínà, bẹntiróòlù àti omi tí àwọn obìnrin fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́ kò gbọdọ̀ kan férémù, nítorí wọ́n ń jẹ ọ̀dà tí ó ń dáàbò bo gọ́ọ̀mù ẹ̀pọ́sì lọ́wọ́ oòrùn. Ní ti kẹrosíìnì, mo mọ̀ pé òun ni gbogbo mẹkáníìkì ọ̀kadà ń lò. Bí ẹ bá tú ṣéènì kúrò pátápátá, tí ẹ rẹ ẹ́ sínú agolo, tí ẹ sì fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́yìn náà, n kò ní bá yín jà. Ohun tí mo lòdì sí ni kí a máa wọ́n ọn sí ṣéènì lórí kẹ̀kẹ́, nítorí yóò ṣàn wọ inú bẹ́rìn, yóò sì fọ gíríìsì ibẹ̀ dànù.

Fífọ̀

Ibi tí ẹ ó gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Ẹ má ṣe fi ohun èlò kankan tí ó ní ẹnu fún ọ̀pá férémù mú, nítorí ọ̀pá náà tínrín ní àárín, bí ẹ bá sì fún un ní ìhà méjèèjì yóò là bí ẹyin. Òpó gàárì ni a máa ń dì mú. Èmi kò ra ohun ìgbékọ́ rí: okùn nínípọn ni mo so mọ́ igi àjà, mo sì fi kọ́ irin tí ó wà lábẹ́ gàárì, kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lè máa yí fàlàlà. Inú ibòòji ni kí ó wà, nítorí ọṣẹ tí ó bá gbẹ mọ́ ọ̀dà nínú oòrùn a máa fi àmì sílẹ̀.

Ṣéènì ló ṣáájú, kí ìdọ̀tí rẹ̀ má baà tún ta sí ara férémù tí ẹ ti fọ̀ tán. Bí kẹ̀kẹ́ yín bá jẹ́ oní-díísìkì, èyí tí bíréèkì rẹ̀ ń fún àwo irin mú, ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀rá náílọ́nù bo díísìkì àti bíréèkì, nítorí ẹ̀kán òróró kan ṣoṣo tí ó bá wọ inú páàdì bíréèkì ti tó láti sọ ọ́ di aláriwo tí kò ní lè dúró. Ẹ fi omi ọṣẹ tí ó ki díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ṣéènì àti gíà títí ẹ ó fi rí àwọ̀ irin, kí ẹ sì fi omi ṣàn án. Bí ẹ bá fura pé òróró ti kan díísìkì, sípíríìtì tí wọ́n ń tà ní ilé ìtajà oògùn, èyí tí kò ní àwọ̀ tí kò sì ní òróró kankan nínú, ni kí ẹ fi nù ún pẹ̀lú àkísà tí ó mọ́.

Lẹ́yìn náà ni omi lásán yóò kan gbogbo ara kẹ̀kẹ́, kí kànrìnkànrìn tó fara kàn án rárá. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí erùpẹ̀ wa. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Ìlíṣàn sí Ìkẹ́nnẹ́ lọ sí Ìperù nígbà ọyẹ́ yóò délé pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ tí ó ti pupa bí ẹni tí wọ́n fi osùn kùn. Yanrìn wà nínú eruku náà, bí ẹ bá sì fi àkísà gbígbẹ nù ún, ńṣe ni ẹ ń fi pépà oníyanrìn ha ọ̀dà yín. Ẹ jẹ́ kí omi kọ́kọ́ gbé e lọ. Agolo tí a lu ihò sí nídìí, tàbí rọ́bà omi tí a kò fi ìka dí lẹ́nu, ti tó.

Ẹ̀rọ tí ń tú omi jáde pẹ̀lú agbára, irú èyí tí àwọn tí ń fọ mọ́tò ń lò, ni kí ẹ sá fún. Ojúlùmọ̀ mi kan ní Ṣágámù gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò ní àsìkò òjò kan, ó sì padà dé pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ tí ń dán gbinrin. Kò pé oṣù kan tí ojú ihò tí ọ̀pá pẹ́dà gbà kọjá fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ọlọ ata. Nígbà tí a tú u, omi pupa ló jáde, bẹ́rìn sì ti dípẹtà. Kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ tí ó fọ̀ ọ́. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un pé rọ́bà kékeré tí ó dí ẹnu bẹ́rìn kẹ̀kẹ́ kò lè dá irú omi bẹ́ẹ̀ dúró.

Ní ti férémù, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀: abẹ́ gàárì, ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ọ̀pá òkè, ọ̀pá ìsàlẹ̀, fọ́ọ̀kì iwájú, kí ẹ tó wá sí rímù àti sípókù. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ le. Ẹ fi omi tí ó mọ́ ṣàn án, kí ẹ fi àkísà gbẹ ẹ́, kí ẹ sì dojú kẹ̀kẹ́ náà kọ ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí omi inú ọ̀pá lè jáde. Nígbà òjò, mo máa ń yọ òpó gàárì lẹ́ẹ̀kan lóṣù, lẹ́yìn tí mo bá ti fi téèpù sàmì sí ibi tí ó ga dé. Omi tí mo ti dà jáde níbẹ̀ rí tó ife tíì kan.

Ṣéènì kò gbọdọ̀ wà ní gbígbẹ. Ẹ kán òróró ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan sí ojú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ọwọ́ yí pẹ́dà sẹ́yìn fún bí ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì fi àkísà nu èyí tí ó kù sí òde dànù, nítorí inú ni òróró ń ṣiṣẹ́. Ti òde kò ju kí ó máa kó eruku jọ lọ. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ki jù fún iṣẹ́ yìí. Nígbà ọyẹ́, òróró kẹ̀kẹ́ tí a ṣe fún ojú ọjọ́ gbígbẹ ló yẹ, nígbà òjò sì ni èyí tí ó ki díẹ̀.

Ibi yìí náà ni kí ẹ ti wọn ṣéènì. Ààbọ̀ ínṣì ni ó wà láàárín píìnì kan sí èkejì, nítorí náà àlàfo 24 gbọ́dọ̀ jẹ́ ínṣì 12 géérégé, èyí tí í ṣe mílímítà 304.8. Bí ó bá ti gùn dé 306.3, ìyẹn ni pé ó ti fi 0.5% lé sí i, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ bí kẹ̀kẹ́ yín bá jẹ́ onígíà 11 tàbí 12 lẹ́yìn. Ṣéènì tí ó ti nà a máa jẹ eyín gíà, owó gíà sì ju owó ṣéènì lọ fíìfíì.

Àyẹ̀wò

Nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá ti gbẹ, kí ẹ tó gbé e wọlé, ẹ tan iná fóònù yín, kí ẹ dà á lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ̀ẹ́ sí ara férémù dípò kí ẹ dojú rẹ̀ kọ ọ́ tààrà. Ìlà tí ó là a máa ju òjìji bí iná bá ti ẹ̀gbẹ́ wá. Àwọn ibi tí mo máa ń pẹ́ sí ni abẹ́ ọ̀pá ìsàlẹ̀ tí òkúta táyà iwájú ń lù, àyíká ibi tí fọ́ọ̀kì ti wọ inú férémù, ibi tí a fún òpó gàárì mọ́, apá ẹ̀yìn tí ó súnmọ́ ṣéènì, nítorí ṣéènì tí ó bá já bọ́ a máa gé ibẹ̀ bí ayùn, àti ibi tí a fún ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mọ́ ọrùn. Bí kẹ̀kẹ́ bá ti ṣubú rí, ẹ tú téèpù ọwọ́ rẹ̀ kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ojú, ó kan ọwọ́. Ẹ mú ègé òwú funfun tí wọ́n ń lò ní ilé ìwòsàn, kí ẹ fi rọra nu gbogbo ara ọ̀pá. Òwú yóò há sí fọ́nrán tí ó bá ti ṣẹ́ síta, bí àkísà mi ti há lọ́jọ́ sí. Ẹ má fi ìka lásán ṣe é, nítorí fọ́nrán kábọ́ọ̀nù tí ó bá wọ ẹran ara ṣòro í yọ. Níbi tí ẹ bá fura sí, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ibi tí ó bá rọ̀ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ti bàjẹ́ nínú.

Lẹ́yìn èyí ni etí. Ẹ mú owó ẹyọ kan, kí ẹ máa fi etí rẹ̀ kan ọ̀pá náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ní ìwọ̀n ìka kan sí ìkejì. Kábọ́ọ̀nù tí ó yè a máa dún gbọnrangandan, ohùn rẹ̀ á gbẹ, á sì mọ́. Ibi tí ìpele inú ti ya nípá a máa dún bòòbòò, bí ẹni kan páálí. Ohùn máa ń yí padà fúnra rẹ̀ níbi tí ọ̀pá bá ti nípọn tàbí tí ó bá ti so pọ̀ mọ́ òmíràn, nítorí náà ẹ fi apá ọ̀tún wé apá òsì ní ibi kan náà kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Owó ẹyọ kò lè rí gbogbo àrùn. Ó lè fi ibi tí ó yẹ kí ẹ fura sí hàn yín.

Bí ẹ bá rí ìlà tí kò dá yín lójú bóyá ọ̀dà nìkan ni, ẹ fi téèpù kékeré sàmì sí orí rẹ̀ méjèèjì, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́, kí ẹ sì tún un wò lẹ́yìn ìgùn méjì tàbí mẹ́ta tí kò jìnnà. Ìlà ọ̀dà kì í rìn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ fọ́ọ̀kì, ọrùn tàbí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ni ẹ ti rí i, ẹ má dán an wò rárá, ẹ gbé e kọ́ títí ẹni tí ó mọ̀ yóò fi wò ó, nítorí ibẹ̀ bá ṣẹ́, ojú ni a fi ń balẹ̀.

A lè tún férémù tí ó là ṣe: ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà yóò ha ibẹ̀ dé ibi tí ó yè, yóò sì tẹ́ ìpele fọ́nrán tuntun lé e pẹ̀lú ẹ̀pọ́sì. Wẹ́dà kò lè ṣe é, gọ́ọ̀mù tí a fi ń lẹ bàtà kò sì lè mú un. Ẹ má fi pépà oníyanrìn ha kábọ́ọ̀nù ní gbígbẹ nínú ilé. Eruku rẹ̀ a máa yún ara, kò sì dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Bí ó bá di dandan, ẹ fi omi rẹ ibẹ̀, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbomú, kí ẹ sì wà ní gbangba.

Bóòtù àti ìdè

Ọ̀pọ̀ kábọ́ọ̀nù tí mo ti rí tí ó bàjẹ́ ní àgbègbè wa, sípáná ló bà á jẹ́, kì í ṣe jàǹbá. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ bóòtù òpó gàárì àti ti ọrùn kẹ̀kẹ́ yín: wọ́n sábà máa ń kọ iye kan síbẹ̀, láàárín 4 sí 6 Nm, èyí tí í ṣe ìwọ̀n agbára tí a fi ń yí bóòtù. Ẹni tí kò bá ní sípáná oníwọ̀n lè fojú inú wo 5 Nm báyìí: ẹ mú sípáná tí ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20, kí ó nà gbalaja, kí ẹ sì so ọ̀rá omi mímu márùn-ún, oní-sẹ̀ǹtílítà 50 kọ̀ọ̀kan, mọ́ ìdí rẹ̀. Ìwúwo kílógíráàmù méjì àbọ̀ yẹn ni bóòtù náà ń fẹ́. Géńdé tí ó bá fi gbogbo apá fa sípáná kan náà yóò fún un ní ìlọ́po mẹ́jọ rẹ̀ láì tíì làágùn. Nígbà tí mo ṣe ìṣirò yìí lẹ́yìn tí nǹkan ti bàjẹ́, ojú tì mí. Mo ti ra sípáná oníwọ̀n báyìí, èmi àti àwọn mẹ́ta tí a jọ ń gun kẹ̀kẹ́ la dáwó rà á.

Ibi tí kábọ́ọ̀nù bá ti wọ inú kábọ́ọ̀nù kì í gba gíríìsì. Gíríìsì a máa mú òpó gàárì yọ̀ wá sílẹ̀, ẹni tí ó ni ín á tún fún ìdè sí i, wàhálà á sì dé. Ìpara kan wà tí àwọn tí ń ta ohun èlò kẹ̀kẹ́ ń tà fún iṣẹ́ yìí, hóró kíkúnná bí iyanrìn sì wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fi í pa òpó, ìwọ̀nba ìfúnmọ́ ni yóò fi dúró. Bí bóòtù bá pọ̀ níbi kan, bí i mẹ́rin ojú ọrùn, ẹ máa yí wọn díẹ̀díẹ̀ ní ìdàkejì ara wọn, kí ẹ má dé ọ̀kan tán kí ẹ tó kan èkejì.

Bí rímù yín bá jẹ́ kábọ́ọ̀nù tí bíréèkì ń fún un tààrà, páàdì tí a ṣe fún kábọ́ọ̀nù ni kí ẹ lò. Èyí tí ó ti ṣiṣẹ́ lórí rímù alumíníọ̀mù rí a máa ní ègé irin nínú, yóò sì fi rímù yín ṣe ilà.

Gbígbé e rìn

Nínú bọ́ọ̀sì ni kẹ̀kẹ́ ti ń jìyà jù. Awakọ̀ á fi okùn rọ́bà fún ọ̀pá òkè mọ́ àpò gàrí mẹ́ta, á sì fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí wàhálà. Ẹ tú ẹsẹ̀ méjèèjì, ẹ fi aṣọ tàbí kànrìnkànrìn wé férémù, kí okùn má sì di ibòmíràn ju òpó gàárì àti rímù lọ. Ẹ̀rù kankan kò gbọdọ̀ gorí rẹ̀. Mo máa ń san owó èrò kan sí i kí ó lè dá jókòó, n kò sì tíì kábàámọ̀ rẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, kí ó mú òwú, iná fóònù àti owó ẹyọ dání lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń tà á, kí ó sì fojú sí ibi tí ọ̀dà bá ti yàtọ̀ sí ti ìyókù, pàápàá ibi tí wọ́n bá lẹ sítíkà tuntun sí. Ẹni tí kò bá jẹ́ kí ẹ yọ òpó gàárì wò, ẹ fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Òpó tí mo là lọ́jọ́sí, n kò jù ú nù. Ó wà lórí tábìlì iṣẹ́ mi pẹ̀lú owó ẹyọ náírà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá wá kọ́ bí a ti ń fi etí dá kábọ́ọ̀nù mọ̀, mo máa ń ní kí ó di ojú, kí ó máa kàn án láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ó sì sọ fún mi ibi tí ohùn ti kú.